Ilé Wa Kò Jìnnà Sódò: Kí Ni Kí A Ṣe Kí Omíyalé Tó Dé?

Ìyálé ilé kan ní Ìbàdàn, tó ní kí n má dárúkọ òun tàbí àdúgbò òun, kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹnjiníà. Ilé méjì péré ló wà láàrin wa àti odò kékeré kan. Láti ọdún tó kọjá ni omi ti ń wọ ọgbà wa bí òjò bá pọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì wọ yàrá. Ọkọ mi ti fi búlọ́ọ̀kù gbé fẹ́ńsì sókè sí i, wọ́n sì ti ra àpò iyanrìn 40. Àbúrò mi tó ń gbé ní Lókọ́jà ní kí a fọkàn balẹ̀, pé ìjọba máa ń kéde lórí rédíò kí omi tó dé. Èmi ò lè sùn mọ́ bí òjò bá ti ṣú lálẹ́, nítorí ìyá ọkọ mi tó ti lé ní ọdún 75 ń gbé lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ wọn kan kò sì ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Àwọn ọmọ mi ṣì kéré. Kí ni kí a rà sílẹ̀? Kí ni kí a ṣe bí omi bá dé lóru?”

Arábìnrin mi, ẹ kú àìsùn. Ìbéèrè méjì lẹ bi mí, ṣùgbọ́n mo rí ẹ̀kẹta tó fara pamọ́ sáàrin wọn, òun gan-an ni kò sì jẹ́ kí ẹ sùn: ta ni yóò gbé Màmá, ìgbà wo ni yóò gbé wọn, ibo ni yóò sì gbé wọn lọ? Ohun tí ẹ ó rà kò pọ̀, n ó sì sọ ọ́ bó bá yá. Ṣùgbọ́n ọdún 26 tí mo fi ṣiṣẹ́ ojú àgbàrá àti kọ́fátì, ìyẹn ihò oníkọnkéré tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, ti jẹ́ kí n mọ̀ pé kì í ṣe àìní tọ́ọ̀ṣì tàbí àìní gàrí ló ń pa ènìyàn nínú omíyalé ìlú wa. Ìjáfara ni. Wọ́n á máa wo omi, wọ́n á ní yóò fà láìpẹ́, ẹnì kan á máa gbé fìríìjì gun tábìlì, ẹnì kejì á máa wá kọ́kọ́rọ́, nígbà tí gbogbo wọn yóò sì fi gbà pé ó yẹ kí àwọn jáde, ọ̀nà tí wọn ì bá gbà jáde ti di odò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ àbúrò yín. Òótọ́ ni wọ́n sọ, àmọ́ òótọ́ Lókọ́jà ni. Lókọ́jà ni odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti pàdé, omi tó sì ń kún níbẹ̀ ti rin ìrìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ kó tó dé, apá kan nínú rẹ̀ tilẹ̀ ti ilẹ̀ Kamẹrúùnù wá. Nígbà ìkún omi ńlá ọdún 2012 àti ti 2022, díẹ̀díẹ̀ ni omi ń gòkè níbẹ̀, ẹni tó bá sì gbọ́ ìkéde ṣì lè di ẹrù, kó sì wá ọkọ̀ tí yóò kó o. Odò tiwa nílẹ̀ Ìbàdàn kúrú, ó kéré, àárín òkè ló sì ń gbà kọjá. Òjò tó rọ̀ sórí páànù lókè Màpó kò ní ibi tí yóò dúró sí. Ojú ẹsẹ̀ ló ń sáré wá sí àfonífojì. Láàrin wákàtí kan, tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, odò tí ọmọdé ń fò kọjá lè ga ju orí àgbàlagbà lọ. NiMet, àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún, NIHSA tó ń mójú tó omi náà sì máa ń ka orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí ìkún omi lè dé. Ẹ máa tẹ́tí sí wọn, wọn yóò jẹ́ kí ẹ mọ irú ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tí yóò pè yín láago méjì òru nínú wọn pé odò ẹ̀yìnkùlé yín ti kún.

Ẹ tún wo ọjọ́ tí omíyalé méjì tí Ìbàdàn kò lè gbàgbé ṣẹlẹ̀. Omíyalé Ògùnpa tó pa ènìyàn tó lé ní 200 ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Èyí tí adágún Ẹlẹ́yẹlé fi kún àkúnwọ́sílẹ̀, tó sì pa ènìyàn tó lé ní 100, ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Oṣù kẹjọ ni méjèèjì, oṣù tí a máa ń sọ pé òjò ń sinmi. Òjò lè sinmi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti mu ti oṣù kẹfà àti ìkeje yó, kò sì lè mu òmíràn mọ́. Lásìkò kan náà, àwọn ará àdúgbò ti dẹ́kun kíkó gọ́tà nítorí wọ́n rò pé ó tán. Mo sọ èyí kí ẹ má baà gbé ìmúrasílẹ̀ yín sílẹ̀ bí ẹ bá rí ọ̀sẹ̀ méjì tí òjò kò rọ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ bí omi òjò ṣe pọ̀ tó, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Òjò ọdún 2011 yẹn lé ní 180 mìlímítà láàrin wákàtí díẹ̀. Ẹ mú pílọ́ọ̀tì kan péré, èyí tó jẹ́ 60 ẹsẹ̀ bàtà sí 120. Omi tí irú òjò bẹ́ẹ̀ ń dà sórí pílọ́ọ̀tì kan lé ní lítà 115,000, èyí tó ju kẹ́ẹ̀gì olílítà 25 lọ́nà 4,600 lọ. Nígbà tí pílọ́ọ̀tì yẹn jẹ́ igbó tàbí oko kòkó, ewé àti ilẹ̀ ń gba díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n sì ń dá ìyókù dúró kó tó dé odò. Ní báyìí, páànù ló bo ibi tó pọ̀ jù, kọnkéré bo ìyókù, kẹ́ẹ̀gì 4,600 yẹn sì ń jáde lọ́jọ́ kan náà láti ojúlé kọ̀ọ̀kan tó wà lókè yín, kọ́fátì tí wọ́n kọ́ nígbà tí ilé kò tíì pọ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì fẹ́ gbà kọjá. Bí ìdọ̀tí, mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́ àti igi bá wá dí ojú kọ́fátì náà, odò yóò wá ọ̀nà míràn, ilé yín sì wà lójú ọ̀nà yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ńsì ti wọlé nìyí. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Mo mọ̀ pé bí baálé ilé yín kò ṣe ní í gbà fún un ni wọ́n ṣe gbé fẹ́ńsì sókè, mo sì bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ tí wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ òótọ́. Bí omi bá ga tó mítà kan lẹ́yìn fẹ́ńsì, agbára tó fi ń ti mítà kọ̀ọ̀kan nínú fẹ́ńsì náà tó ìwúwo nǹkan bí àpò sìmẹ́ǹtì 10. Ògiri búlọ́ọ̀kù lásán tí kò ní òpó onírin kò lè gba èyí fún ìgbà pípẹ́. Kò ní í jò díẹ̀díẹ̀. Yóò wó lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo omi tó ti dá dúró yóò sì ya wọ ilé yín pẹ̀lú búlọ́ọ̀kù. Mo ti rí ilé tí omi ìbá kàn dé orúnkún nínú rẹ̀ bí kò bá sí fẹ́ńsì rárá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ lu ihò sí ìsàlẹ̀ fẹ́ńsì náà ní apá ibi tí omi ń gbà wọlé àti ibi tí ó lè gbà jáde, kí ẹ sì fi irin sí i lójú kí ìdọ̀tí má baà dí i. Kí omi wọ ọgbà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sàn ju kí ó wó ògiri wọlé lọ.

Ti àpò iyanrìn yàtọ̀. Ó wúlò bí omi kò bá ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, bí ẹ bá tẹ́ ọ̀rá nípọn sábẹ́ rẹ̀ tí ẹ sì tò ó lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni ń to búlọ́ọ̀kù, kí àpò òkè máa bo ojú ibi tí àpò méjì ìsàlẹ̀ ti pàdé. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ fún ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti yó fún omi, sọ́kàwéè yóò kún, omi ẹlẹ́gbin yóò sì máa ru sókè láti inú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí ẹnu ọ̀nà yín ṣì gbẹ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣọ́ ẹnu ọ̀nà títí tí omi fi bá wọn láti ẹ̀yìn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a dé ìdí ọ̀rọ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ìmúrasílẹ̀ yín ni àmì kan tí ẹ ó kùn sára nǹkan tó dúró gbọin láàrin yín àti odò, bóyá òpó iná tàbí ògiri aládùúgbò, níbi tí ẹ ti lè fi tọ́ọ̀ṣì rí i láti ojú fèrèsé láìjáde sínú òjò. Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún. Bí omi bá ti kan àmì yẹn, ẹ ó jáde. Ẹ kò tún ní í ṣe ìpàdé, ẹ kò ní í dúró de ẹni tó lọ sí ìsọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sọ pé kí a wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí i. Kí ẹ̀yin àti ọkọ yín jókòó sọ ọ́ nígbà tí oòrùn ń ràn, kí wọ́n sì gbà pé bí àwọn kò bá sí nílé, ọ̀rọ̀ yín ni abẹ gé. Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ẹnì kan tó ń gbé lókè odò yẹn, bíi máìlì kan sí yín, bóyá aránṣọ tàbí ìyá aláta kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí odò, kí ẹ gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀, kí ẹ sì jọ ṣe àdéhùn pé bí odò bá ti ru kọjá ibi kan lọ́dọ̀ rẹ̀, yóò pè yín. Ìpè yẹn lè fún yín ní ogún ìṣẹ́jú tí rédíò kankan kò lè fún yín. Ẹ sì mọ èyí: bí òjò bá ń rọ̀ gidigidi tí omi odò dédé fà sẹ́yìn, ẹ má ṣe dúpẹ́ o. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan ti dí i lókè, bí ohun náà bá sì já, omi yóò dé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìyẹn náà jẹ́ àmì ìjáde.

Ní ti Màmá, ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé pé ẹnì kan yóò pọ̀n wọ́n. Ẹni tó ń pọn àgbàlagbà kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, bí ó bá sì yọ̀ nínú ẹrẹ̀, àwọn méjèèjì ló ṣubú. Ẹ wá àga oníke tó ní apá, kí Màmá jókòó sí i, kí ẹ fi ọ̀já dè wọ́n láyà mọ́ ẹ̀yìn àga náà, kí ènìyàn méjì sì gbé e, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ mú géńdé méjì ládùúgbò tí yóò máa wá bí ẹ bá pè wọ́n, kí ẹ sì mú ẹnì kẹta kún wọn, nítorí ọ̀kan lè máà sí nílé. Lẹ́yìn náà kí ẹ dán an wò lọ́sàn-án. Ní ilé kan tí mo ti ní kí wọ́n ṣe é, wọ́n rí i pé àga kò lè gba ẹnu ọ̀nà yàrá Màmá jáde nítorí bẹ́ẹ̀dì tó dí ọ̀nà. Wọ́n kàn sún bẹ́ẹ̀dì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni, ó tán. Bó bá jẹ́ òru ọjọ́ tí omi dé ni wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo irin ojú fèrèsé àti géètì yín pẹ̀lú: kọ́kọ́rọ́ wọn gbọ́dọ̀ wà lórí ìṣó kan ṣoṣo tí ọmọdé pàápàá mọ̀, kí ọwọ́ sì lè tó o nínú òkùnkùn. Irin tí a ṣe nítorí olè ti há ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ́ inú ilé.

Ibo ni ẹ ó lọ? Ilé tó wà lórí òkè, ní apá odò kan náà pẹ̀lú tiyín, tí ẹ lè fẹsẹ̀ rìn dé láìgba orí afárá tàbí kọ́fátì kankan. Bí ilé ẹ̀gbọ́n yín bá tilẹ̀ tóbi, tó sì rọrùn, bó bá wà ní òdìkejì odò, kì í ṣe ibẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń wí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, èmi tí mo ń kọ́ àwọn ènìyàn nípa kọ́fátì wa mọ́tò bọ inú omi tó ń ṣàn lójú títì, nítorí ilé kò ju kìlómítà kan lọ mọ́. Omi náà kò tíì bo táyà tán. Lójijì ni sítíárì fúyẹ́ lọ́wọ́ mi, bí ẹni pé kò so mọ́ nǹkan kan, mọ́tò sì ń rọra yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ fúnra rẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì kan ló fi okùn fà mí jáde lójú fèrèsé. Omi tó ń sáré tí kò kọjá kókósẹ̀ púpọ̀ lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Èyí tó tó ẹsẹ̀ bàtà kan lè gbé mọ́tò kékeré, èyí tó bá sì tó ẹsẹ̀ bàtà méjì lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ. Nítorí náà, bí òjò bá bá àwọn ọmọ níléèwé, ẹ fi wọ́n síbẹ̀. Ẹ ti bá olùkọ́ wọn sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí wọ́n lọ. Ọmọ tí ebi pa níléèwé di aago mẹ́jọ alẹ́ yóò jẹun bó bá délé.

Bí omi bá ti yí ilé ká kí ẹ tó mọ̀, ẹ má ṣe jáde sínú rẹ̀ mọ́. Ẹ lọ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò bí ẹ bá lè dé ibẹ̀ láìgba inú omi, tàbí kí ẹ gun ibi tó ga jù nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe wọ inú àjà tí kò ní ibi tí ẹ lè gbà bọ́ sórí òrùlé. Ẹ pe 112, kí ẹ sì máa tan tọ́ọ̀ṣì kí àwọn ará ìta lè mọ ibi tí ẹ wà.

Nísinsìnyí, ohun rírà. Báàgì kan ṣoṣo tí ẹnì kan lè gbé kọ́ èjìká: tọ́ọ̀ṣì méjì, páàwà báǹkì tó kún, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá ń lò bí wọ́n bá ń lò ó, ó kéré tán ti ọ̀sẹ̀ kan, omi mímu, gàrí àti ṣúgà, aṣọ àwọn ọmọ, owó díẹ̀ tí kì í ṣe inú fóònù, àti ìwé. Ìwé ilé, ìwé ṣọ́vè, ìwé ẹ̀rí WAEC, káàdì NIN, ẹ kó gbogbo wọn sínú ọ̀rá méjì tí ẹ so lẹ́nu, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí kan tó ń gbé ìlú míràn. Ó dùn mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ bàbá kan tó ti kó ìdílé rẹ̀ jáde láìséwu, tó sì padà lọ mú àpótí ìwé ilé. Ìwé ilé náà là. Ẹ pa iná láti ìdí mítà kí omi tó wọlé, ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ yín bá ti wà nínú omi, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́. Bátìrì ìnfátà tí ọ̀pọ̀ ilé ń gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ báyìí, ẹ gbé e ga sókè lónìí, ẹ má ṣe dúró di òjò. Ẹ ti gáàsì, kí ẹ sì so sílíńdà rẹ̀ mọ́ nǹkan, torí ó lè léfòó.

Bí omi bá fà, ewu kò tíì tán. Ilé alámọ̀ lè wó ní ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta, nígbà tí oòrùn ti yọ. Kànga yín ti mu omi ṣaláńgá, bó ti wù kó mọ́ lójú tó. Ẹ fi aṣọ sẹ́ omi rẹ̀, kí ẹ sì sè é títí yóò fi hó dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú ọmọ, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà kan omi tí a ti sè, kí ó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ bí ẹ ṣe ń gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ gbẹ ilé, ìta ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Èéfín rẹ̀ ń pa ènìyàn lójú oorun.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó le jù: ṣé kí ẹ máa gbé ibẹ̀? Mi ò rí ilé yín, n kò sì lè jókòó síhìn-ín kí n ní kí ẹ tà á. Mo mọ̀ pé owó ilé kì í ṣe owó kékeré, ẹni tí yóò sì rà á yóò wá wò ó nígbà òjò. Ṣùgbọ́n bí omi bá ti ń wọ ọgbà lọ́dọọdún, ilé sì ń pọ̀ sí i lókè yín, kò sí ìdí tí n ó fi sọ fún yín pé yóò dínkù. Kíkó gọ́tà ṣe pàtàkì, ó sì yẹ kí àdúgbò máa ṣe é, àmọ́ kò lè dá irú òjò 2011 dúró. Bí agbára bá wà láti kọ́ yàrá méjì sókè, ìyẹn dára ju fẹ́ńsì èyíkéyìí lọ, bí ẹnjiníà bá ti yẹ ìpìlẹ̀ wò. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kí Màmá máa lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn míràn láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹwàá, bí wọ́n bá gbà. Àwọn àgbà kan kì í fẹ́ kúrò níbi tí wọ́n mọ̀, n kò sì ní oògùn ìyẹn.

Ní ti bí àmì yẹn yóò ṣe ga tó, ẹ lọ bá àwọn tí wọ́n ti wà ládùúgbò yín láti 2011, kí wọ́n fi ibi tí omi dé hàn yín lára ògiri. Nínú ilé kan tí mo wọ̀ lọ́dún yẹn, ìyá ilé ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì gíga àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta sára férémù ilẹ̀kùn; ìlà ẹrẹ̀ tí omi fà sórí rẹ̀ ga ju àmì àbíkẹ́yìn lọ. Ẹ wọn irú ìlà bẹ́ẹ̀, ẹ wọn ìdí ilẹ̀kùn yín, kí ẹ sì kùn àmì yín sí ibi tó rẹlẹ̀ ju ìdí ilẹ̀kùn lọ dáadáa, kí ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni àwọn tó gbé Màmá yóò fi rìn. Bí ẹ bá ti ṣe é, ẹ fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò ẹnu kọ́fátì tó súnmọ́ yín, n ó sì sọ fún yín bí mo bá rò pé ó ga jù.